FỌ́TÒ KÌ Í PARỌ́, ẸNI TÓ Ń KÀ Á LÓ Ń ṢÌ Í KÀ

Ó le kú, ìjà Orè! Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n sọ. Bí owó ata bá fò sókè lọ́jà, wọ́n á ní ó le kú, ìjà Orè. Bí ìyálé àti ìyàwó bá kọjú ìjà síra wọn, ohun kan náà ni wọ́n á sọ. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tó ń dá àṣà yìí lónìí ni wọn ò tíì bí nígbà tí ìjà ọ̀hún ṣẹlẹ̀, wọn ò sì mọ ohun tí ojú àwọn ìyá wọn rí.

Oṣù kẹjọ ọdún 1967 ni. Lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù náà, àwọn ṣọ́jà Bìáfírà sọdá odò Ọya, wọ́n gba Benin lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n sì dorí kọ ọ̀nà Èkó. Ọmọ Yorùbá, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Victor Banjo, ni ọ̀gá tó kó wọn bọ̀. Orè ni àwọn ṣọ́jà ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn dúró. Ibẹ̀ ni nǹkan ti gbóná kó tó di pé wọ́n lé wọn padà, tí wọ́n sì gba Benin kúrò lọ́wọ́ wọn lógúnjọ́ oṣù kẹsàn-án. Orè kò jìnnà sí ìlú Oǹdó, Oǹdó náà kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé títí dòní, bí wọ́n bá bi àwọn àgbà níbí pé ibo ni ọmọ wọn tó wọṣẹ́ ológun kú sí, èsì tó máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu wọn ni pé, "Orè ni." Àwọn kan kú síbẹ̀ lóòótọ́. Àwọn kan sì wà tí wọn ò kú síbẹ̀, ẹnu ló pa wọ́n síbẹ̀.

Ọ̀kan nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló gba ẹnu àwọn ará Ọjà Ọba, Àkúrẹ́. Orúkọ ẹnikẹ́ni kò ní jáde nínú rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ẹbí ni, ẹjọ́ náà kò sì tíì tán nílẹ̀.

Màmá kan ń ta ata nínú ọjà náà. Ó ti lé ní ẹni ọdún 75. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wọṣẹ́ ṣọ́jà nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní 1967. Kí ọdún náà tó parí, ẹnì kan wá sọ fún àwọn ará ilé pé ó ti bá ogun Orè lọ. Wọ́n sunkún, wọ́n ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe fún òkú ọ̀dọ́, wọ́n sì gbà fún Ọlọ́run.

Àfi bí obìnrin kan ṣe dé láti ìhà Benin ní 1971, ó pọn ọmọ ọkùnrin kan sẹ́yìn. Ọdún 1969 ni wọ́n bí ọmọ náà. Ó ní ẹ̀gbọ́n Màmá aláta ló ni ín. Ó ní ọkùnrin náà la ogun já, pé jàǹbá ọkọ̀ ló pa á ní 1970 kó tó lè mú òun àti ọmọ wálé wá fi hàn. Ó mú fọ́tò kan lọ́wọ́. Ṣọ́jà kan dúró nínú rẹ̀, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó ń rẹ́rìn-ín, àfọ́kù bàálù ńlá kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn àgbà ilé gba fọ́tò náà, wọ́n wò ó títí. Ẹni àkọ́kọ́ ní bàálù tí wọ́n já lulẹ̀ ní Orè nìyẹn, pé ọmọ àwọn ya fọ́tò náà kó tó kú ni. Ẹnì kejì ní lẹ́tà tó wà lára bàálù náà kò tilẹ̀ jọ lẹ́tà tiwa, ó ní lẹ́tà àwọn ará Rọ́ṣíà ni. Ẹnì kẹta ló wá sọ èyí tó burú jù. Ó ní, "Ọmọ wa ní àpá lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì. Ẹ wo ẹni inú fọ́tò yìí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ni àpá tiẹ̀ wà. Ẹlòmíràn ni!"

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ wọn takora. Bó bá jẹ́ ọmọ wọn ló ya fọ́tò ní Orè, kò tún lè jẹ́ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pinnu láti lé àlejò, gbogbo igi ló ń fi ṣe kùmọ̀. Wọ́n bi obìnrin náà pé ẹni tó kú ní 1967, báwo ló ṣe wá bímọ ní 1969? Kò rí èsì fọ̀. Ó pọn ọmọ rẹ̀, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Fọ́tò náà ló fi sílẹ̀. Màmá aláta, tó jẹ́ ọmọge nígbà náà tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ láàrin àgbà, ló he é tó fi pamọ́ sábẹ́ àpótí.

TÉLỌ̀ LÓ KỌ́KỌ́ RÍ I

Láìpẹ́ yìí ni Màmá mú fọ́tò náà lọ sọ́dọ̀ onífíréèmù kan nínú ọjà, pé kó bá òun fi gíláàsì sí i kó má baà bàjẹ́ tán. Télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ yọjú wò ó. Ó wò ó, ó tún un wò.

"Màmá, ẹ má bínú o. Ṣé ṣẹ́ẹ̀tì obìnrin ni ẹ̀gbọ́n yín máa ń wọ̀ ni?"

"Ìwọ ọmọ yìí, kí ni òkú ọlọ́kùú ṣe fún ọ tí o fi ń bú u?"

"Rárá o, Màmá. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mò ń wò. Ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin, apá ọ̀tún ni bọ́tìnnì máa ń wà, ihò rẹ̀ á wà lápá òsì. Ti obìnrin ló máa ń yí padà. Ẹ wo ti ṣọ́jà yìí, apá òsì ni bọ́tìnnì wà. Ìjọba kì í rán ṣẹ́ẹ̀tì obìnrin fún ṣọ́jà."

Onífíréèmù gbọ́ èyí, ó lu orí ara rẹ̀. Iṣẹ́ fọ́tò ló kọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kan fíréèmù. Ó ní, "Mo ti mọ̀ ọ́n! Ẹni tó fọ fọ́tò yìí yí ojú nẹ́gátíìfù padà nínú yàrá òkùnkùn. Ọ̀tún ti di òsì, òsì ti di ọ̀tún." Ó gbé dígí kan wá, ó fi fọ́tò náà kọjú sí i. Nínú dígí, bọ́tìnnì padà sí apá ọ̀tún. Ìbọn kúrò léjìká òsì, ó bọ́ sí ọ̀tún. Lẹ́tà tí wọ́n pè ní ti Rọ́ṣíà di lẹ́tà tí gbogbo ọmọ ilé-ìwé lè kà: C, F, ìlà kékeré kan, lẹ́yìn náà N. Èjìká ṣọ́jà náà ló bo ìyókù.

Àpá ojú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ni.

Màmá aláta wá ibi jókòó sí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi nìyí o. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n lé ìyàwó rẹ̀ yẹn o!"

BÍ WỌ́N ṢE Ń DÁ BÀÁLÙ MỌ̀

Kí ọ̀rọ̀ tó tutù, èrò ti pé lé wọn lórí. Bàbá àgbàlagbà kan ní bàálù ogun Hitler ni, pé òun rí wọn lójú ọ̀run nígbà tí òun wà ní kékeré. Irọ́ kọ́ ni bàbá ń pa. Nínú ogun àgbáyé kejì, ojú ọ̀run Nàìjíríà kún fún bàálù. Ohun tó fà á ni pé àwọn ọ̀tá Gẹ̀ẹ́sì dí ọ̀nà inú Òkun Mẹditaréníà, ọkọ̀ ojú omi ò lè gba ibẹ̀ kó bàálù dé Íjíbítì bó ṣe yẹ. Ni wọ́n bá ń tú bàálù sínú àpótí, wọ́n ń kó wọn wá sí Takoradi ní Gáná, wọ́n á tò wọ́n pọ̀ níbẹ̀, wọ́n á sì fò wọ́n gba Èkó, Kánò àti Màídúgùrí títí dé Sùdáánù àti Íjíbítì. Ó lé ní 3,500 máìlì. Ogúnjọ́ oṣù kẹsàn-án 1940 ni àwọn àkọ́kọ́ gbéra. Nígbà tó fi máa di 1943, bàálù tó gba ọ̀nà yìí ti lé ní 5,000. Kì í ṣe gbogbo wọn ló débi tí wọ́n ń lọ.

Nítorí náà, ẹni tó bá rí fọ́tò àfọ́kù bàálù ní ilẹ̀ wa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé, ogun wo ni? Ti 1939 sí 1945 ni, àbí ti 1967 sí 1970? Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà, kò sì ju ọgbọ́n tí àwọn oníṣu ń dá lọ. Oníṣu kò ní dúró de ìgbà tí wọ́n bá gé iṣu kó tó mọ irú rẹ̀. Ara rẹ̀ ló ń wò, orí rẹ̀ ló ń wò, irun rẹ̀ ló ń wò.

Àkọ́kọ́, wọ́n á ka ẹ́ńjìnnì. Ṣé ọ̀kan ni, méjì ni, àbí mẹ́rin? Lẹ́yìn náà, wọ́n á wò ó bóyá ó ní fáànù níwájú tàbí jẹ́ẹ̀tì ni. Bó bá ní fáànù, wọ́n á ka ewé rẹ̀, torí òmíràn ní mẹ́ta, òmíràn ní mẹ́rin. Ìyẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé orí ara bàálù ni wọ́n gbé e lé, àbí ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀? Ìrù rẹ̀ ńkọ́? Bí iná bá ti jó ara bàálù tán, ìrù máa ń ṣẹ́ kù lọ́pọ̀ ìgbà, òun náà ló sì máa ń sọ orúkọ ẹni tó ni ín.

Fáànù yẹn tún lè sọ bí bàálù ṣe kú. Bí gbogbo ewé rẹ̀ bá ká kò bákan náà, ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà tó fi kanlẹ̀. Bí ọ̀kan bá tẹ̀ sábẹ́ tí àwọn tó kù sì nà ṣánṣán, ẹ́ńjìnnì ti kú kó tó dé ilẹ̀. Ọ̀gá kan tó ń lu pánẹ́ẹ̀lì ọkọ̀, tó wà láàrin èrò lọ́jọ́ náà, ní òun gba èyí gbọ́, torí ọkọ̀ tó gbá igi nígbà tó ń sáré àti èyí tí igi wó lù níbi tó dúró sí, irin wọn kì í tẹ̀ bákan náà.

Ẹ jẹ́ ká mú bàálù tó fọ́ lójú ọ̀run Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá 1967. Òru ni. Ariwo ńlá sọ, irin ń já bọ́ sí Ìkòyí, gbogbo ẹni tó wà nínú bàálù náà ló sì kú. Ìjọba ní ìbọn àwọn ló já a lulẹ̀. Àwọn mìíràn ní bọ́ǹbù tí wọ́n gbé sínú rẹ̀ ló bú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nípa irú bàálù tó jẹ́, kò sí iyàn jíjà. Fokker F27 ni, ẹ́ńjìnnì méjì, ewé fáànù mẹ́rin mẹ́rin, ìyẹ́ rẹ̀ sì wà lórí ara. Bàálù èrò Nigeria Airways ni tẹ́lẹ̀! Oṣù kẹrin 1967, kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n ti já a gbà lọ sí Enugu. Ọkọ̀ tó ń kó èrò Èkó ló wá di ọkọ̀ tó ń gbé bọ́ǹbù bọ̀ wá bá wọn.

Bìáfírà tún ní B-26, bàálù bọ́ǹbù ayé ogun Hitler tí Amẹ́ríkà ṣe. Òyìnbó kan tó wá bá wọn fi í jà, Jan Zumbach, ọmọ Poland ni, ó sì ti gba oyè akíkanjú nínú ogun àgbáyé kejì. Nígbà tó di oṣù karùn-ún 1969, Carl Gustaf von Rosen, ọmọ Sweden, kó bàálù kéékèèké márùn-ún wá, ẹ́ńjìnnì kan péré ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n so ọta tó ń fò mọ́ ìyẹ́ wọn, wọ́n sì lọ fi ba bàálù ìjọba jẹ́ ní Port Harcourt àti Benin. Ìjọba àpapọ̀ náà ní MiG-17 àti L-29, jẹ́ẹ̀tì ni méjèèjì. B-26, ìrù kan. F27, ìrù kan. MiG, ìrù kan. Ti von Rosen, ìrù kan.

Ọ̀gá tó ń lu pánẹ́ẹ̀lì ló tún na ìka sí fọ́tò Màmá. Ó ní, "Ẹ wò ó, ìrù tèmi tí mo kà níbí, mẹ́ta ni."

ULI NI, ORÈ KỌ́

Ọ̀rọ̀ wá dọ́wọ́ bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ mẹkáníìkì ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà. Ó ní bàálù ńlá tó ní ẹ́ńjìnnì mẹ́rin tó sì ní ìrù mẹ́ta, Super Constellation ni wọ́n ń pè é. Ó ní bí ọkọ̀ ilẹ̀ ṣe ní nọ́ńbà ìpínlẹ̀ ni bàálù náà ní lẹ́tà orílẹ̀-èdè. Tiwa ní Nàìjíríà ni 5N. Ti Gẹ̀ẹ́sì ni G, ti Amẹ́ríkà ni N. "CF yìí," ó ní, "Kánádà ló ń lò ó nígbà náà, títí di 1974."

Ọmọkùnrin kan tó ń kàwé ní FUTA yọ fóònù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ohun tó rí ló pa gbogbo èrò lẹ́nu mọ́.

Nígbà tí ebi ń pa àwọn ọmọdé ní Bìáfírà, àwọn ìjọ àti ẹgbẹ́ aláàánú káàkiri ayé ń fi bàálù kó oúnjẹ àti oògùn wọlé. Erékùṣù São Tomé ni púpọ̀ nínú wọn ti ń gbéra. Ibi tí wọ́n ń balẹ̀ sí ni Uli. Kì í ṣe pápákọ̀ gidi. Ojú títì ọ̀dà tó wà láàrin Owerri àti Onitsha ni wọ́n mú fẹ̀, igbó sì wà lápá méjèèjì. Òru ni wọ́n ń wọlé, nítorí MiG. Iná kì í wà lójú ọ̀nà àfi fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tí bàálù bá fẹ́ balẹ̀. Àwọn ìjọ nìkan fò lọ fò bọ̀ ju ìgbà 5,000 lọ. Ọ̀pọ̀ òyìnbó awakọ̀ bàálù ló kú sí i. Lọ́jọ́ karùn-ún oṣù kẹfà 1969, jẹ́ẹ̀tì já bàálù Red Cross kan lulẹ̀, àwọn mẹ́rin tó wà nínú rẹ̀ ló kú.

Láàrin àwọn aláàánú yìí ni ẹgbẹ́ Canairelief wà, tí àwọn ìjọ àti ẹgbẹ́ Oxfam ní Kánádà dá sílẹ̀. Super Constellation ni wọ́n ń lò, lẹ́tà tó sì wà lára wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú CF-NA. Oṣù kìíní 1969 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bàálù wọn méjì ló ṣòfò. Ọ̀kan fi orí sọ òkè nítòsí Uli lọ́jọ́ kẹta oṣù kẹjọ 1969, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Èkejì, ilẹ̀ Uli ló wà tí bọ́ǹbù ìjọba bà á jẹ́ lọ́jọ́ kẹtàdínlógún oṣù kejìlá 1969.

Ẹ jẹ́ ká tò ó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan báyìí, bí ẹni ń ka owó. Bàálù inú fọ́tò náà, CF-N ni, ìrù mẹ́ta ni. Bàálù bẹ́ẹ̀ kò wọ Bìáfírà kí 1969 tó dé. Ojú títì tóóró tí igbó há mọ́ ló wà lẹ́yìn ṣọ́jà náà. Uli kò bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ àfi ní oṣù kìíní 1970, nígbà tí ogun ń parí. Ṣọ́jà ìjọba tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àfọ́kù bàálù yẹn, tó ń rẹ́rìn-ín, wà láàyè ní 1970. Kò bá ogun Orè lọ.

Àwọn kan jiyàn. Wọ́n ní bóyá wọ́n mú un lẹ́rú ogun ní 1967 ni, tí wọ́n fi gbé e dé Uli. Bàbá mẹkáníìkì fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ta ló ń gbé ìbọn kọ́ ẹlẹ́wọ̀n léjìká?" Àwọn mìíràn ní bóyá ẹni tó jọ ọ́ ni. Ìyẹn ló mú kí Màmá fi ìka tẹ àpá ojú fọ́tò náà nínú dígí. Ó ní òun ni òun wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí àdá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n òun lóko, òun ni òun sì ń fi omi gbígbóná jó o.

Ibi tí fọ́tò mọ nìyí o. Fọ́tò kò lè sọ ẹni tó ni ọmọ. Ohun tí fọ́tò sọ ni pé ìdí méjèèjì tí wọ́n fi lé obìnrin náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní ó kú ní 1967, kò kú. Wọ́n ní ẹlòmíràn ni, kì í ṣe ẹlòmíràn. Ìyókù di ọwọ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n lè fi ara Màmá àti ti ọkùnrin náà ṣe lóde òní, bí wọ́n bá rí i.

Bí wọ́n bá rí i! Ọmọ tí wọ́n pọ̀n lọ ní 1971 ti ju ẹni àádọ́ta ọdún lọ. Òǹtẹ̀ fọ́tò-sítúdíò kan ní Benin wà lẹ́yìn fọ́tò náà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan nínú ẹbí ń sọ pé kí wọ́n má wá a, torí ilé Bàbá tí wọ́n ti pín. Màmá aláta ní ẹni tó bá fẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ ilé, òun ti ń tọ́jú owó ọkọ̀ Benin.

ẸNI TÍ WỌN Ò RÍ ÒKÚ RẸ̀

Ó yẹ kí àwa ará ìhà ibí mọ̀ ju báyìí lọ. Ṣebí Èmùré-Ilé, nítòsí Ọ̀wọ̀, ni Isaac Fadoyebo ti jáde. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun ní 1942. Ní oṣù kẹta 1944, àwọn ará Jàpáànù kọ lù wọ́n létí odò Kaladan ní Bọ́mà, ìbọn fọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, ló kù sínú igbó. Àgbẹ̀ kan tó jẹ́ Mùsùlùmí, Shuyiman, ló ń bọ́ wọn, tó ń fi wọ́n pamọ́. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀ kí àwọn ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì tó dé gbà wọ́n ní oṣù kejìlá. Ó padà wálé, ó bímọ, ó dàgbà. Nígbà tó di 2011, oníròyìn kan, Barnaby Phillips, gbé lẹ́tà ìdúpẹ́ rẹ̀ dé Bọ́mà, ó sì rí ọmọ Shuyiman obìnrin. Ọdún 2012 ni Fadoyebo tó kú. Ká ní wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ torí pé ẹnì kan ní ó ti kú ńkọ́?

Ẹni tí wọn ò rí òkú rẹ̀, ẹ má tètè pín ẹrù rẹ̀.

OHUN TÓ YẸ KÍ Ẹ ṢE

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà àti ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ lọ tú àpótí yín lónìí. Fọ́tò tó wà níbẹ̀, ẹ má gé etí rẹ̀ kó lè wọ fíréèmù, torí etí yẹn ni lẹ́tà tàbí òǹtẹ̀ máa ń wà. Ẹ má fi gúlúù lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí. Ẹ má gbé e síbi tí oòrùn ti ń pa á. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ, ìlú àti ọdún sí ẹ̀yìn rẹ̀, kì í ṣe bírò, torí bírò ń ràn gba iwájú. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín fi fóònù ya iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Bí lẹ́tà inú rẹ̀ bá rí wọ́gọwọ̀gọ, ẹ gbé e síwájú dígí kí ẹ tó sọ pé ti Rọ́ṣíà ni. Ẹ wo bọ́tìnnì. Àmì kan kò tó ṣẹ̀rí o, ẹ wá ìkejì àti ìkẹta kún un.

Ẹ̀yin tó ń ra irin àlòkù, tó ń yọ́ ọ dà sí ìkòkò, ọ̀rọ̀ yín náà wà níbẹ̀. Bí irin bàálù bá dé ọwọ́ yín, ẹ wá páálí irin kékeré tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí lára, ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀ kí iná tó mú un. Nọ́ńbà yẹn lè jẹ́ orúkọ ọmọ ẹnì kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ohun tó jọ bọ́ǹbù, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ pe ọlọ́pàá. Bọ́ǹbù ogun yẹn kì í darúgbó. Ní 2017 ni ilé ẹjọ́ ECOWAS ṣì ń dá ẹjọ́ lórí àwọn tí wọn ò tíì kó kúrò nílẹ̀.

Jù gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà tó ṣẹ́ kù nígbà tí ẹnu wọn ṣì ń sọ̀rọ̀. Ṣọ́jà tó bá jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1967 ti sún mọ́ ẹni ọgọ́rin ọdún. Ẹni tó bá ní fọ́tò tó rú u lójú, tàbí tó mọ obìnrin kan ní ìhà Benin tí wọ́n lé kúrò nílé kan ní Àkúrẹ́ ní 1971 pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, kó kọ lẹ́tà sí ojú ìwé àwọn òǹkàwé. Ẹnì kan ń dúró de èsì ọ̀hún nídìí ata.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.